Adágún Tí Iná Kò Lè Ràn

Òórùn kẹrosíìnì kì í tètè kúrò lára ògiri. Títí a fi kó kúrò ní yàrá tí èmi, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Òkè-Ìlá, òórùn náà ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti aṣọ tó jóná àti ti ìpara tí nọ́ọ̀sì ní ká máa fi pa ojú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti po bẹntiróòlù mọ́ kẹrosíìnì tí ẹ̀gbọ́n mi rà nítòsí Ọjà Ọba. Ẹ̀wà ló fẹ́ gbé ka sítóòfù. Bó ṣe ṣáná báyìí, iná bú gbàù mọ́ ọn lójú. Iṣẹ́ irun ló ń kọ́ nígbà náà, ó kù díẹ̀ kó gba fíríídọ̀mù. Ojú rẹ̀ bó, ìka ọwọ́ rẹ̀ ká kò.

Ìyá mi lọ bá ẹni tó tà á. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ dìde.

"Màmá, bí wọ́n ṣe gbé e fún mi ni mo ṣe tà á."

Àwọn àgbà ìjọ wa ní ká fa ẹjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. A fà á lé e lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà ò tì lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó yá, olùkọ́ físíìsì wa ya òṣùpá kan sójú pátákó, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n po. Ó ní adágún ńláńlá wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe omi. Ẹbí gáàsì ìdáná ni. Òtútù ibẹ̀ ló sọ ọ́ di olómi, tó ń rọ̀ bí òjò, tó sì ń ṣàn bí odò. Mo nawọ́ sókè.

"Sà, tí ẹnìkan bá ṣáná síbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò lè jó. Kò sí ọ́síjìn níbẹ̀."

Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi dojú bo tábìlì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé yóò dá a lára yá, o mọ bí ọmọdé ṣe máa ń rò. Ó gbọ́ ọ dópin, ó kọjú sí ògiri bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ṣé èèyàn ń gbé ibẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ìwọ náà ò rí i? Torí pé kò sẹ́ni tó máa po nǹkan mọ́ ọn ni kò fi jó."

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ́síjìn fún un, àmọ́ ìpara ni mo mú, mo fi pa ojú rẹ̀.

Èmi náà ti ń kọ́ni ní Adó yìí báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ò fọwọ́ kan irun ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tó mọ̀ wá ṣì máa ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ìjàǹbá, wọ́n á sì mirí. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.