Òwú Tó Kù Nínú Apẹ̀rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga tó ìdábùú igi òfì ìyá ìyá mi, mo rò pé òwú ni a fi dá ayé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo bá yíjú sí nínú agboolé wa ní Ẹdẹ nígbà náà, òwú ni mo ń rí: òwú nínú apẹ̀rẹ̀, òwú lára aṣọ àwọn obìnrin, òwú wẹ́wẹ́ tó ń fò káàkiri nínú oòrùn àárọ̀.

Ìyá àgbà ni mò ń pe ìyá ìyá mi. Kíjìpá ni wọ́n ń hun, aṣọ fífẹ̀ tó nípọn tí àwọn obìnrin máa ń hun nínú ilé. Òfì wọn fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láti ìgbà tí ìrì bá gbẹ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń yọ kóró kúrò nínú òwú, bí a ṣe ń fi ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n kó lè fúyẹ́, àti bí a ṣe ń fi ìrànwú ran án. Wọn a fi ẹfun pa mí lọ́wọ́ kí ìka mi má bàa làágùn, wọn a ní, "Má fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Jẹ́ kó máa bọ̀ fúnra rẹ̀." Òwú tí mo kọ́kọ́ ran rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n wọ́n hun ún mọ́ tiwọn, wọn kò jù ú nù.

Bàbá mi kò sí nílé. Wọ́n ti bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà rélùwéè lọ sí òkè ọ̀hún, lápá ilẹ̀ Tápà. Oyún sì wà nínú ìyá mi, ìdí nìyẹn tí èmi pẹ̀lú wọn fi kúrò nílé ọkọ, tí a padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí wọ́n lè bímọ níbẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n bí tó yè títí di ìgbà náà.

Òjò ọdún yẹn ti fẹ́ máa dáwọ́ dúró nígbà tí àìsàn kan wọ̀lú. Àwọn àgbà ní ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá. Ikọ́ ni, ibà sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikọ́ àti ibà tí ẹnikẹ́ni mọ̀ rí. Ẹni tó ń gún iyán láàárọ̀, tí alẹ́ bá fi lẹ́, ó ti dùbúlẹ̀. Ẹni tó gbé òkú lọ lónìí, òun náà ni wọ́n ń gbé lọ́la. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ránṣẹ́ sáàfin, wọ́n sì lu agogo káàkiri pé kí ọjà má ṣe ná mọ́. Àwọn tó ń ta aṣọ òyìnbó ti ilẹ̀kùn wọn. Ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ara dá, èyí tó lọ sí Ṣẹ́kọ́nà náà dá. Àdúrà tí a máa ń gbọ́ láti mọ́ṣáláṣí dín kù, nítorí àwọn tó ń ṣe é ń dín kù.

Àgbàlagbà ilé wa mélòó kan gbà pé òkú kì í lọ láìsí aṣọ funfun. Ta ni yóò sì fún wọn ní aṣọ funfun bí kì í bá ṣe ìyá àgbà? Ní ìbẹ̀rẹ̀, odindi kíjìpá ni wọ́n ń gé lé àwọn tí èèyàn wọn kú lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń gé e sí méjì. Nígbà tí aṣọ tó wà ní ilé tán pátápátá, tí òwú tí a ti ran náà sì ń tán lọ, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ìbòjú ni. Wọ́n ní, "Bí a kò bá rí aṣọ bo gbogbo ara, ẹ jẹ́ kí a bo ojú, kí iyẹ̀pẹ̀ má bọ́ sí wọn lójú." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó kú ní àdúgbò wa ṣe ń gba ìbòjú tuntun funfun lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mò ń ran òwú, àwọn ni wọ́n ń hun. Ọwọ́ mi bó, mi ò sì lè ráhùn, nítorí ojú tí àwọn tó wá gba aṣọ fi ń wo ọwọ́ mi.

Mo rántí ìyá kan ní agboolé kejì sí tiwa. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ló kú. Ó wọlé wá, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì. Wàrà ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ níwájú. Ó ní, "Ìyá, ojú rẹ̀ kéré, kò ní gba òwú púpọ̀." Ìyá àgbà yíjú sí òfì. Wọ́n hun ún bó ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku apẹ̀rẹ̀ òwú kan ṣoṣo nílé wa. Ti oko kò tíì là rárá, èso rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó di ìgbà ọyẹ́ kó tó là. Ìyá àgbà gbé apẹ̀rẹ̀ náà bọ abẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ní, "Ẹ má bi mí léèrè èyí. Ti ojú mi ni." Ó yé gbogbo wa. Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì rò pé àwọn ló kàn.

Kì í ṣe àwọn ló kàn. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ibà yẹn gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn pẹ́. Wọn a máa pe bàbá mi, wọn a máa bá wọn jà bí ẹni pé wọ́n jókòó sítòsí. Ìyá àgbà fi òfì sílẹ̀, wọ́n ń se ewé, wọ́n ń fi omi tútù nu ìyá mi lára, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń bú àìsàn náà bí ẹni ń bú ènìyàn. Kò gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, bẹ́ẹ̀ oṣù oyún wọn kò tíì pé. Kò sí agbẹ̀bí tó lè wá, àwọn náà wà lórí ẹní. Ìyá àgbà nìkan ló gbẹ̀bí ọmọ wọn.

Obìnrin ni àbúrò mi. Ẹyẹlé tóbi jù ú lọ. Awọ ara rẹ̀ tín-ín-rín débi pé a ń rí iṣan lábẹ́ rẹ̀, kò sì ké, ó kàn ń la ẹnu ni. Ìyá àgbà fi aṣọ wé e, òtútù kò kúrò lára rẹ̀. Wọ́n gbé e sáyà, ètè rẹ̀ ń dúdú lọ. Mo rí wọn tí wọ́n wo yàrá káàkiri bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa apẹ̀rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, wọ́n fi ọwọ́ la òwú náà sí méjì, wọ́n sì tẹ́ ọmọ sáàárín rẹ̀ bí ẹyin. Imú àti ẹnu rẹ̀ nìkan ló hàn. Wọ́n gbé e sẹ́bàá ààrò, wọ́n ní kí n máa ya òwú díẹ̀díẹ̀, kí n máa yá a níná, kí n sì máa fi í pààrọ̀ èyí tó bá ti tutù. "Bó bá jó, ọmọ jó. Bó bá tutù, ọmọ kú. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́.

Ìyá mi yíjú sí wa láti orí ẹní. Ohùn wọn kò jáde dáadáa mọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ó ń mí?"

Ìyá àgbà ní, "Ó ń mí."

"Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn tó yé mi nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí oòrùn tó dé orí òrùlé, ìyá mi ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́, wọ́n sì wá pẹ̀lú àlùfáà arúgbó kan àti ọkùnrin méjì tó lè gbẹ́lẹ̀. Wọ́n bá ìyá mi tí a ti wẹ̀ wọ́n, tí a wé wọn sínú ìró aláró méjì tó ti gbó, tí wọ́n ń ró nígbà ayé wọn. A ti lẹ̀ ẹ́ ní ibi púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó, wọ́n wo òfì, wọ́n ní, "Ìyá, ibo ni aṣọ funfun wà?"

"Kò sí."

"Ẹ̀yin tí ẹ bo ojú gbogbo ẹni tó kú ní àdúgbò yìí? Àjèjì tó kú sẹ́bàá odò, ẹ bo ojú rẹ̀. Ìyàwó wa ni kò ní rí ìbòjú?"

Ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá bọ́ sórí apẹ̀rẹ̀ tí mo dì mú. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wo ọmọ náà pẹ́. Ohùn wọn rọ̀. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn náà ti sin ọmọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní, "Ìyá, èyí kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹni tó ti ṣe ìyá, tó ti ṣe aya, òun ló yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún. Ẹ̀kúnwọ́ òwú díẹ̀ ni. Àwa yóò dúró kí ẹ fi hun ún."

Ìyá àgbà dìde. Wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bu òwú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́." Wọn kò wò mí. Wọ́n jókòó, wọ́n mú ìrànwú, wọ́n fa òwú náà gùn díẹ̀. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi ké. Bí ọmọ ológbò ló ṣe ké, ohùn kékeré kan báyìí, kò sì ké ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìyá àgbà já òwú náà kúrò lẹ́nu ìrànwú, wọ́n dìde, wọ́n sì dá a padà síbi tí wọ́n ti bù ú. Wọ́n wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n ní, "Àna mi, ẹ dárí jì mí. Òkú kò mọ òtútù. Ọmọ tí mo bí ló ní kí n má jẹ́ kó mú èyí."

Àlùfáà tó ti ń gbọ́ wọn láti ìta ní, "Ọlọ́run kì í béèrè aṣọ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn."

Ìyá àgbà ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n fa etí ìró aláró náà bo ojú ìyá mi. Wọ́n mú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí fọ́nrán òwú kan nílé tí a lè fi ránṣọ. Wọ́n tú òwú kan yọ láti ìṣẹ́tí ìró tí wọ́n ró sídìí, wọ́n sì jókòó ti ọmọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ náà pọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀, kí atẹ́gùn tàbí iyẹ̀pẹ̀ má bàa ká a kúrò. Wọ́n rán an wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń rán aṣọ tí wọn yóò gbé lọ tà. Nígbà tí wọ́n dé òpin, wọ́n tẹríba, wọ́n fi eyín gé òwú náà, wọn kò sì gbé orí kúrò níbẹ̀ títí àwọn ọkùnrin fi fà wọ́n dìde.

Àbúrò mi rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó sì rí òwúrọ̀. Ìyá tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú ní agboolé kejì ló wá, ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè é. Ó ní ọmú ń dun òun. Ó fún wàrà sínú igbá kékeré, a rẹ òwú sínú rẹ̀, a ń kán an sí ọmọ náà lẹ́nu, títí ó fi lágbára láti mu ọmú fúnra rẹ̀. Èmi kò kúrò nídìí ààrò náà. Apá mi yìí, ẹ wò ó, iná ìgbà náà ló jó o.

Bàbá mi dé nígbà ọyẹ́. Wọ́n ti gbọ́ kí wọ́n tó wọ ìlú. Wọ́n gbé àbúrò mi lé itan, wọ́n sì wò ó títí tí oorun fi gbé e lọ.

Ọyẹ́ yẹn náà ni òwú là. Ìyá àgbà mú mi lọ sí oko wọn ní ọ̀nà Ara láti ká a. Mi ò rí i kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí àwọn olóko púpọ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ká tiwọn. Gbogbo ilẹ̀ funfun báláú dé ibi tí ojú mi mọ. Ìyá àgbà sọ apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, mi ò tíì rí omi lójú wọn. Wọ́n wọ àárín ebè lọ, wọ́n gbá òwú mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ń mì í, wọ́n ń pariwo mọ́ ọn pé, "Ibo lo wà? Ibo lo wà nígbà tí mò ń wá ọ?" Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú oko náà tí mo lè sá tọ̀ lọ.

Àbúrò mi dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ. Nínú ẹ̀yin tó jókòó yìí, àwọn kan jáde láti ara rẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé kí n sọ adùn ayé àtijọ́ fún yín. Lónìí, ilé ìwòsàn wà, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Aṣọ funfun wà lọ́jà lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní ọ̀pá ní ọ̀pá, ẹni tó rà á kò mọ ẹni tó hun ún, kò sì bìkítà. Kò sí ọmọbìnrin kan ní agboolé yìí tó lè ran òwú mọ́. Àwọn ojúgbà mi máa ń tìtorí rẹ̀ kẹ́dùn, wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, ọwọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ iṣẹ́. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín mọ bí ẹ̀kúnwọ́ òwú kan ṣe wúwo tó.