Ayò Tó Wọ Inú Táyà Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ò tíì ga ju táyà mẹ́ta tí a tò léra lọ, ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọjọ́ táyà nílé wa ní Òwu, l'Abẹ́òkúta. Èkó ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ọkọ̀ àtijọ́ kan ló sì ń gbé e lọ láàárọ̀ tó ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, onítáyà kan lẹ́bàá títì bá a wọ táyà, kò mú un dọ́gba dáadáa. Láti Ìtòrí títí dé Èkó ni ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ní òun ò ní fi táyà òun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ó ní, "Ẹni tó ń gun ẹṣin, ó yẹ kó mọ pátákò rẹ̀."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí bàbá yín ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ ó rántí irú nǹkan báyìí. Ẹ̀yìnkùlé ni ibi iṣẹ́ wà, láàárín ìkòkò aró ìyá mi àti igi ìbẹ́pẹ. Bí bàbá mi bá ti tú afẹ́fẹ́ inú táyà tán, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á ní, "Ó yá, ẹ̀yin alájẹkún, ẹ bọ́ sójú agbo!" Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Sìkírá á wá máa fò lé e lórí títí etí rọ́bà á fi bọ́ kúrò lára irin. N ò mọ eré tó dùn tó o. Lẹ́yìn náà á po ọṣẹ dúdú mọ́ omi, á fi pa etí táyà kó lè máa yọ̀, á wá fi irin gígùn méjì tí ẹnu wọn tẹ́ pẹlẹbẹ fa èyí tó ti jẹ kúrò lára rímù, á fi òmíràn wọ̀ ọ́. Òórùn ọṣẹ dúdú, òórùn rọ́bà, òórùn aró àti ti ẹ̀wà tó ń hó lórí ààrò! Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀kan nínú wọn, imú mi máa ń wá àwọn mẹ́ta yòókù.

Bàbá mi á fi okùn di táyà yíká kí etí rẹ̀ lè fún mọ́ irin, àwa á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ pọ́ǹpù, a ó máa kọrin sí i. Bí táyà bá ti jókòó sáyè rẹ̀, á dún gbàù! Àwọn adìẹ á fọ́n ká, ìyá mi á pariwo, "Ẹ ti fẹ́ pa mí o!" bẹ́ẹ̀ ó sì mọ̀ pé ariwo náà ń bọ̀.

Mímú un dọ́gba ló wù mí jù. Bàbá mi ti yọ irin tí táyà máa ń yí lórí rẹ̀ lára ọkọ̀ kan tó ti kú, ó dè é mọ́ òpó, ó sì fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí tó fi ń yí láìdún. Á gbé táyà kọ́ ọ, á yí i díẹ̀, á fi í sílẹ̀. Ibi tó bá wúwo jù ló máa ń wá sísàlẹ̀. Á fi ẹfun sàmì síbẹ̀, á sì lẹ òjé kékeré mọ́ ọ̀kánkán rẹ̀ lókè. Tí táyà bá ti ń dúró níbikíbi tó bá dá a dúró sí, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Èmi kì í sọ̀rọ̀. Nílé ìwé tí mo lọ fún ọdún díẹ̀, olùkọ́ kọ́kọ́ rò pé odi ni mí. Bàbá Lámídì nìkan, bàbá àgbà tó ń ta táyà tòkunbọ̀ nísàlẹ̀ àdúgbò wa, ni kì í bínú bí mo bá kí i tí kò gbọ́. Á bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, á ní, "Má dààmú, ìyàwó mi. Inú ikùn ni ohùn tìrẹ ń gbé. Á jáde lọ́jọ́ kan."

Ní Fúráìdé kan, bàbá mi ra táyà lọ́wọ́ Bàbá Lámídì, ó sì fi í ti ògiri lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ní kí n ṣọ́ àdìrẹ tó sá sórí àpáta. Èmi ní tèmi, mo gbẹ́ ihò sílẹ̀, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọwọ́ òsì ta ayò. Ọwọ́ òsì ń borí lọ́wọ́ nígbà tí ewúrẹ́ mẹ́ta gba orí aṣọ kọjá, tí ọ̀kan sì fi ẹrù ikùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi fa etí mi títí ó fi gbóná. Ó ní, "Bí mo bá tún fojú kan ayò yìí, inú iná ló ń lọ!"

Ẹyọ ayò méjìdínláàádọ́ta ni, mo sì fẹ́ràn wọn bí ojú. Mo dì wọ́n sínú àkísà àdìrẹ, mo wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò, mo sì tì wọ́n sínú táyà.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, omi ni mo lọ pọn. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni mo gbọ́ gbàù! Omi dà sí mi lára. Bàbá mi ti wọ táyà náà tán.

Ó gbé e kọ́, ó yí i, ó sàmì, ó lẹ òjé. Ó tún un yí, ibòmíràn ló wá sísàlẹ̀. Ó yọ òjé, ó tún un lẹ̀. Táyà tún yí padà. Òjé di méjì, ó di márùn-ún. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ẹrù inú rẹ̀ ló ń ṣubú láti ibìkan dé ibòmíràn. Mo fẹ́ sọ, mo wo ọ̀dọ̀ ìyá mi. Mo rí iná lábẹ́ ìkòkò aró, mo sì rí ayò mi nínú rẹ̀.

Ó ṣe, inú bí bàbá mi. Ó ní, "Táyà tó ti wọ́ ni bàbá yìí tà fún mi. Sìkírá, lọ pè é wá!"

Bàbá Lámídì dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó fi ọwọ́ pa táyà lára yíká.

"Kò sóhun tó ṣe é," ló wí.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ kí n máa gbé e lọ sí Èkó lọ́la?"

"Mo ti ń ta táyà kí wọ́n tó bí ọ. Ẹnìkan ò pè mí ní oníjìbìtì rí." Ó gbọ́wọ́ kúrò lára táyà. "Yọ ọ́ fún mi. Màá dá owó ẹ padà. Ṣùgbọ́n má dé ìsọ̀ mi mọ́ o, ìwọ àti ará ilé ẹ."

Ó yíjú láti máa lọ. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ju bó ṣe wọlé lọ. Ni mo bá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ayò mi ló wà nínú ẹ̀." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo dijú, mo pariwo: "Ẹ dúró! Ayò mi ló wà nínú táyà!"

Ìyá mi gbé igi ìro aró dání, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

Sìkírá ní, "Yéè! Ó lóhùn!"

Bàbá Lámídì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Mo sọ fún un! Mo ní á jáde!" Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ìkánjú ló mú mi."

Èmi nìkan ni wọ́n ní kó fò lórí táyà lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni mo sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ padà. Fún ọjọ́ méjì ni mo ń rìn bí arúgbó. Ṣùgbọ́n òjé méjì péré ló gbà, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ìyá mi wo àkísà tí ọṣẹ ti rin gbingbin, ó pòṣé. "Ohun tó wọ inú táyà tó tún jáde, iná wo ló fẹ́ jẹ ẹ́?" Nírọ̀lẹ́, Bàbá Lámídì gbé ọpọ́n ayò tirẹ̀ wá, ó sì fi ayò mi nà mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń pè mí ní ọ̀pẹ tí kò mọ ayò ta, ẹ̀pà ń bẹ lẹ́nu àwa méjèèjì.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń bá àwọn èèyàn wọ táyà, òmíràn ló ń mú un dọ́gba, iná á máa tàn lójú rẹ̀, àwọn ọmọ á sì jókòó sínú ọkọ̀ máa tẹ fóònù. Kò burú, ó yá ju tiwa lọ. Èmi ṣì ń wọ táyà ọkọ̀ tí mo fi ń kó àdìrẹ nílé, lára òpó bàbá mi. Òun náà á gbé àga síbòòji ìbẹ́pẹ, á ní, "Kó o tó wọ̀ ọ́, bi í léèrè ná." Màá ti ọwọ́ bọ inú táyà, màá wá a yíká.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ọwọ́ mi kan fóònù nínú àkísà. Mo wòkè. Ròfíà ọmọ Sìkírá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Ìyá rẹ̀ ti ní òun máa gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa ọwọ́ yọ lófìfo, mo sì gbé irin méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ wọ táyà.

"Àǹtí," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Mi ò gbọ́ o," ni mo wí, mo ń po ọṣẹ dúdú lọ.

"Àǹtí, ẹ dúró! Fóònù mi wà nínú ẹ̀!"

Bàbá mi fi ọwọ́ lu orúnkún rẹ̀ lábẹ́ ìbẹ́pẹ. "Ó ti jáde," ló wí.