Ẹyin Awó Bàbá Mi àti Oṣù Ààwẹ̀

Òórùn ẹyin jíjẹrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀ ọdún náà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí ẹ dàgbà ní agboolé tí adìẹ àti awó ti ń yé káàkiri abẹ́ àká, ẹ mọ òórùn náà. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀, nítorí oúnjẹ lè wà níwájú yín. Bàbá mi ló rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbẹ́ ihò náà jìn. Ó ní alááwẹ̀ kì í fi agbára ṣòfò. Ajá àwọn ará ẹ̀yìnkùlé hú wọn síta kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí mọ́sálásí ló fi etí aṣọ bo imú kọjá lẹ́bàá ilé wa, àwọn kan sì ń dárúkọ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń lọ.

Nínú yàrá, ìyá mi ń di ẹrù rẹ̀. Kò sunkún, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń ká aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń kó o sínú igbá. Mo mọ ibi tó ń lọ, mo sì mọ ẹni tó fà á. Èmi ni.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Yínúsà ni orúkọ rẹ̀. Àwọn bàbá rẹ̀ ti ń gbin iṣu, wọ́n sì ti ń ṣòwò ní Tchaourou kí òyìnbó tó la ọ̀nà síbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọkọ́ mú, òun di èrò mú. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri, ó sì lọ wò ó. Ọkọ́ náà wà níbẹ̀ títí alántakùn fi kọ́lé sí i. Bàbá Dánanwò ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí "Ẹ jẹ́ ká dán an wò" ló fi ń parí ọ̀rọ̀. Bí ohun tó dán wò bá ti bàjẹ́, á ní, "Bọ́n," ìyẹn "ó dáa", tó gbọ́ lẹ́nu àwọn aláwọ̀ funfun, á wá fi kún un pé, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Ìyá mi máa ń dáhùn pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akólòlò ń pè kiri, ọkọ òun ń yí tirẹ̀ padà lójoojúmọ́.

Ọṣẹ ló kọ́kọ́ sè. Òrí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, eérú pọ̀, omi nìkan la ń lọ pọn. Ó wo bí ìyá arúgbó kan ṣe ń sè é, ó ní obìnrin náà ń ṣahun eérú. Òun wá da ìlọ́po mẹ́ta sí i. Ọṣẹ náà hó, ó sì fọ nǹkan lóòótọ́. Ó fọ ìdọ̀tí, ó fọ aró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ pàápàá lọ. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, bí Lèmọ́mù ṣe fẹ́ forí kanlẹ̀, agbádá rẹ̀ ya lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí. Wọn ò dá ìrun dúró, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ìlà iwájú ní ó ṣòro fún àwọn láti pa ọkàn pọ̀.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló tẹ̀ lé ọṣẹ. Ó rà á ní Goro, pé kó máa ru ẹrù àwọn èrò ọkọ̀ láti ibùdókọ̀ wọ ìlú. Ó kọ́ ẹran náà ní gbogbo nǹkan àfi fèrè ọkọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn fèrè ọkọ̀ débi pé kò wá sí i lọ́kàn pé ẹ̀dá kan lè kórìíra rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n di àpótí akọ̀wé Kọmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, lé e lẹ́yìn. Ọkọ̀ fọn fèrè. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹran àti àpótí ti kọjá ibi tí wọ́n ń kó òwú sí. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i ní Goro, níwájú ilé tí wọ́n ti bí i, tó ń jẹ fìlà koríko akọ̀wé náà. Akọ̀wé sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Faransé lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní òun ò gbọ́ ìkankan níbẹ̀.

Ìyá mi kò pariwo. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà. Ó wo ẹran náà bí wọ́n ṣe fà á wọlé, ó ní, "Ẹran yín mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, Bàbá Mémúnà. Ọ̀nà tèmi náà kò sọnù."

Nígbà tí bàbá mi wá mú ọ̀rọ̀ ẹyin wá, kò sí ohun tó kù nínú ilé wa tí èèyàn lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, àfi aṣọ òfì tí ìyá ìyá mi fi sìn ín wá sílé ọkọ. Àwọn ará abúlé Bàrìbá tó yí wa ká ní awó rẹpẹtẹ, ẹyin rẹ̀ kì í sì í wọ́n wọn. Bàbá mi sọ fún ìyá mi pé aṣọ kan lè di igba ẹyin, igba ẹyin sì lè di aṣọ méjì. Ìyá mi tú aṣọ náà wò, ó tún ká a. Ó ní, "Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò wo ẹ̀yìn rí. Ẹ gba aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí bá bàjẹ́, mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá ìyá mi. Mémúnà á dúró tì yín, ọmọ yín ni." Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.

Ète bàbá mi nìyí, n ò sì ní purọ́ mọ́ ọn, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ṣírò pé oṣù kò ní lé títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Parakou á kọjá láàárọ̀ ọ̀la, èrò inú rẹ̀ á sì mọ̀ pé ọjọ́ tí àwọn lè jẹun ọ̀sán kẹ́yìn nìyẹn. Ta ni í fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeré? Ó se ọgọ́rùn-ún ẹyin, ó fi ọgọ́rùn-ún yòókù sínú koríko gbígbẹ. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí oṣù bá a mú àdéhùn ṣẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà dúró níwájú mọ́sálásí, wọ́n kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bàbá mi ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń sọ pé kùrukùru bolẹ̀, kí wọ́n lọ sinmi. Nígbà tó rí mi, ó ní, "Mémúnà, wọlé, ìrì ń sẹ̀." Ìrì kankan kò sẹ̀. Èmi sì mọ̀ pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí oṣù, Lèmọ́mù á fún un ní kóró ṣúgà kan, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sì tíì tọ́ ṣúgà wò láyé mi. Mo dojú odó kan délẹ̀, mo gùn ún. Mo wò títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ńlá kan, tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé sọnù. Mo fi gbogbo ọ̀fun kígbe pé, "Oṣù rèé!"

Lèmọ́mù wò, ó rí i. Àwọn méjì mìíràn wò, wọ́n rí i. Gbogbo ojú wá yí sí bàbá mi. Ó wo oṣù náà lójú kòròkòrò, ó ní, "Ìyẹn? Ẹ̀ka igi ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Parakou ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí èyí tó pọ̀ jù nínú èrò inú rẹ̀ ti fi ààwẹ̀ di ẹnu. Bàbá mi ń rìn lábẹ́ fèrèsé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ọkọ̀, agbọ̀n ẹyin lórí. Àwọn kan ní, "A ń gbààwẹ̀, bàbá." Ọkùnrin kan tó fi tẹ̀súbáà kọ́wọ́ bi í bóyá kò sí nílé lánàá ni. Àwọn tí kì í gbààwẹ̀ pàápàá ń tijú láti jẹun lójú àwọn tó ń gbà á. Òyìnbó kan ní iwájú ọkọ̀ mú ẹyin méjì, ó sì dá ọ̀kan padà. A fi ẹyin ṣínu lọ́jọ́ kìíní, a fi ẹyin jẹ sààrì, a fi ẹyin ṣínu lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàbá mi ní, "Bọ́n," ó sì mú ọkọ́ kúrò lára ògiri láti fi gbẹ́ ihò fún àwọn ẹyin sísè tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn balùwẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí kó fi ọkọ́ náà ṣe nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin yẹn, mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ibùdókọ̀. Kò ní kí n má tẹ̀ lé òun. Ẹ̀gbẹ́ ẹrù rẹ̀ la jókòó sí. Ọkọ̀ tó ń ti Parakou sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ṣábẹ̀ kò dé. Ọ̀gá ibùdókọ̀ jáde, ó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ní Tchatchou, kí kálukú ní sùúrù. Oòrùn dé àtàrí, ó sọ̀ kalẹ̀, a ṣì jókòó. Ṣúgà tí Lèmọ́mù fún mi wà ní etí aṣọ mi tí mo so ní kókó, n kò tíì fẹnu kàn án, nítorí nígbàkúgbà tí mo bá fẹ́ lá a, ẹrù ìyá mi ni mo ń rí. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo tú u, mo nà án sí i. Mo ní, "Ìyá, ẹ gba èyí. Ẹ má lọ. N ò ní wo òkè mọ́."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. Ó ní, "Ta ló ní kí o má wo òkè?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: odó, igbe, ẹ̀ka igi. Ojú rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún dà bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó gba ṣúgà náà, ó so ó mọ́ etí aṣọ tirẹ̀. Kò sọ pé òun ò lọ mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí bàbá mi dé. Ó ti se ọgọ́rùn-ún ẹyin tó kù, ó rù wọ́n, ó sì fi akèrègbè omi kọ́ èjìká. Kò bẹ ìyá mi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ní, "Ọ̀nà jìn. O ò gbọdọ̀ fi ebi wọ Ṣábẹ̀." Ìyá mi ní, "Ọgọ́rùn-ún ẹyin, Bàbá Mémúnà? Èmi nìkan?" Bàbá mi wo agbọ̀n náà bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti wọlé. Ẹnì kan gba ẹrù ìyá mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀. Ìyá mi ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn nígbà tí ohùn ládàánì ti ìlú wá. Oòrùn ti wọ̀. Àwọn èrò tó ti jókòó sínú irin gbígbóná láti òwúrọ̀, láìmu omi, láìjẹun, yọ ọwọ́ jáde lójú fèrèsé gbogbo. "Omi!" "Kí lẹ ní níbẹ̀?" Bàbá mi sì dúró, ó ń ṣàlàyé bí ẹyin awó ṣe dára fún ara ju ẹyin adìẹ lọ.

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ju ṣúgà náà sẹ́nu láti fi ṣínu, ó gba agbọ̀n lórí ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n gbé omi. Láti fèrèsé dé fèrèsé, ó ń fúnni, ó ń gbà, ó ń sáré. Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè, ẹyin mẹ́ta ló kù nínú agbọ̀n. Nígbà tí ìrù ọkọ̀ kọjá níwájú wa ló tó rántí pé ẹrù òun wà nínú rẹ̀.

A dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń wo igbá ìyá mi bó ṣe ń lọ sí Ṣábẹ̀. Bàbá mi ní, "Bọ́n." Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹyin kọ̀ọ̀kan la fi ṣínu lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ẹrù náà dé. Wọ́n ti rò pé ìyá mi já bọ́ nínú ọkọ̀ lọ́nà ni. Bàbá mi sọ fún un pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ìyá mi ní tirẹ̀ wo ẹ̀yìn, ó sì rí i pé kò sí ohun tó ṣe ẹyin náà, wákàtí ló ṣì. Ọkọ̀ tó ń gòkè láti Kútọnu máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, a sì ti ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ni ìyá mi ń lọ pàdé, nínú ààwẹ̀ àti lẹ́yìn ààwẹ̀, ohun tó ń tà níbẹ̀ ló sì fi wọ̀ mí láṣọ, tó fi bọ́ mi. Aṣọ òfì rẹ̀ kò padà wá. Ara obìnrin Bàrìbá kan la ti máa ń rí i lọ́jà. Ìyá mi á ní ó yẹ ẹ́, á sì yí ojú.

Ọjọ́ orí mi ti ju iye tí bàbá mi lò láyé lọ báyìí. Mo ti ta yìnyín nígbà tí iná kò dúró. Omi ni mo tà. Mo ti gba àpò bàtà kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo rẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan mo ní, "Bọ́n," àwọn ọmọ mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo wá ní ìsọ̀ kafé, búrẹ́dì àti ẹyin lẹ́bàá títì ńlá, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró láàárọ̀, ó sì ń mú owó wọlé.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí gbogbo ìlú ń retí oṣù, mo ti gba agbọ̀n búrẹ́dì mẹ́rin sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì, mo sì ti se ẹyin. Mo jáde lọ da omi nù lẹ́yìn ìsọ̀, mo sì rí i láìwá a, tín-ín-rín, lórí igi máńgòrò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ràfíátù, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ló wà lẹ́yìn mi. Mo ní, "Wọlé, ìrì ń sẹ̀."

Kò wọlé. Ó na ìka sókè, ó ní, "Ìyá àgbà, kí nìyẹn?"

Ọmọ tó fi kóró ṣúgà bẹ ìyá rẹ̀ ní ibùdókọ̀, tó ní òun ò ní wo òkè mọ́, ó di arúgbó kó tó mú ìlérí náà ṣẹ. Mo sọ fún Ràfíátù pé ẹ̀ka igi ni.