Ẹsẹ̀ Ọ̀gá Lórí Pẹ́dà Ẹ́síréè

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkòsì, àwọn àgbà ń du ẹ̀wù mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni mo bá wọn. Ẹ̀wù òjé ni, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, nítorí òjé ni kì í jẹ́ kí ìtànṣán ẹ̀rọ ẹ́síréè wọ ènìyàn lára. Ọ̀gá wọ tiwọn, nọ́ọ̀sì wọ tirẹ̀, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun wọ tirẹ̀ tán, ó tún lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi náà rí ọ̀kan tó ti ya, mo gbé e sọ́rùn. Ìgbà tí gbogbo wa múra tán bí ẹni ń lọ sógun, Ọ̀gá tẹ ẹ̀rọ. Ọmọ kékeré tó sùn sórí tábìlì, tí wọ́n dojú ẹ̀rọ kọ, òun nìkan ni kò wọ nǹkan kan.

Dókítà Fálànà ni Ọ̀gá tí mo wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Òkúta inú kídìnrín là ń yọ. Ìtọ̀ tó bá ki jù a máa dì, á wá le bí òkúta, kì í sì í ṣe àgbà nìkan ló ń ṣe. Bí òkúta bá tóbi, a ó fi abẹ́rẹ́ gígùn gún aláìsàn láti ẹ̀yìn dé inú kídìnrín, a ó ti wáyà tín-ínrín gba ibẹ̀, a ó fẹ ojú ihò náà, a ó sì fọ́ òkúta kó jáde. Ojú kò rí inú ara, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ẹ́síréè tí pẹ́dà rẹ̀ wà nílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì wà lórí pẹ́dà, ìtànṣán ń wọ aláìsàn lára nìyẹn.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, Ọ̀gá Fálànà mọ iṣẹ́. Ọwọ́ wọn kò lábùkù. Ẹsẹ̀ wọn ni ìṣòro. Wọn a máa sọ ìtàn bí àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì Magodo ṣe dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò tí àwọn fúnra wọn ń gbé, ẹsẹ̀ ọ̀hún á sì wà lórí pẹ́dà. Ìtàn ń lọ, ìtànṣán ń lọ.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Sà, ara ọmọdé ṣì ń dàgbà. Ohun tí ìtànṣán bá bàjẹ́ lónìí lè di jẹjẹrẹ lọ́la. Òkúta yìí sì máa ń padà wá, ọmọ kan náà la ó tún gbé sórí tábìlì."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé o ti rí ọmọ tí ẹ́síréè pa sórí tábìlì mi?"

"Rárá, sà, ṣùgbọ́n..."

Wọ́n ti jáde. Bí ẹni tó ń ta ẹja tó ti bàjẹ́ ló rí, tó ní òun kò rí oníbàárà kankan tó kú sí iwájú ìsọ̀ òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Mọrẹ́nikẹ́ padà dé. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ní Kétu. Ọ̀gá ti yọ òkúta fún un rí kí n tó dé ilé ìwòsàn náà. Èyí tuntun tún ti hù. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í mu omi.

"Bí mo bá mu ún, màá tọ̀. Aunty, ṣaláńgá ilé ìwé wa, eṣinṣin gan-an ń sá fún un."

Màmá àgbà rẹ̀ ló mú un wá, ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòsì, obìnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣàlàyé fún wọn pé lọ́tẹ̀ yìí, síkáànù ni mo fẹ́ fi wá kídìnrín náà.

Màmá dìde fùú. "Síkáànù kẹ̀? Ta ló lóyún?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó lóyún."

"Ṣé ẹ rò pé ìṣekúṣe là ń kọ́ ọmọ nílé wa ni? Mọrẹ́nikẹ́, wọ bàtà ẹ, ká máa lọ."

Ọ̀gá wọlé sí àárín ariwo náà. Mo rò pé wọ́n á gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ́síréè náà la máa lò. Ẹ̀rọ ńlá ni." Màmá bá padà jókòó, ara wọn rọlẹ̀. Èmi dúró bí ẹni tí òjò pa.

Mọrẹ́nikẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Aunty Dókítà, nígbà yẹn, kí n tó sùn, gbogbo wọn ń wọ ẹ̀wù kan tó wúwo. Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Kí ìtànṣán má baà wọ̀ wọ́n lára ni."

"Èmi ńkọ́?"

Ọ̀gá húkọ́. Màmá yíjú sí wọn díẹ̀díẹ̀. "Dókítà, ọmọ bi yín ní ìbéèrè."

"Màmá, kò pọ̀ rárá."

"Bí kò bá pọ̀, kí lẹ̀yin wá ń sá fún?"

Mo sáré ṣàlàyé pé síkáànù kì í lo ìtànṣán, ohùn tí etí kò gbọ́ ló ń lò. Màmá bi mí bóyá ohùn náà tó ti àwọn lọ́rì tòmátì Mile 12. Mo ní kò tó o. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá lọ sọ ládùúgbò pé ẹ ṣe síkáànù fún ọmọ mi, ẹ̀yin ni màá mú."

Nítorí Màmá, Ọ̀gá ní kí n fi síkáànù mi ṣe é fúnra mi, àwọn á máa wò mí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, a fi òjé bo ọrùn ọmọ náà àti abẹ́ inú rẹ̀. Mo ní kí Uncle Tájù, tó ń bójú tó ẹ́síréè, gbé pẹ́dà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá dúró sí òdìkejì tábìlì, wọ́n káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń retí kí n jìn sí kòtò. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà, ẹ̀jẹ̀ lè dà, ọmọ náà ni yóò sì jìyà àgídí mi.

Mo gún un. Ìtọ̀ kò jáde. Mo fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn.

"Ẹ́síréè!" Ọ̀gá ké. Mo gbọ́ bí bàtà wọn ṣe ń ha ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bí adìẹ tó ń wá kòkòrò, wọn kò rí pẹ́dà. Mo mí kanlẹ̀. Mo yí ọwọ́ síkáànù tí mo gbé lé ẹ̀yìn ọmọ náà díẹ̀, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ sì yọ kedere sójú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo tì í wọlé, ìtọ̀ kán tó, ó mọ́ gaara. Wáyà wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mọ̀ dájú pé ibi tó yẹ ló gbà.

"Uncle Tájù, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Àwòrán dúró sójú ẹ̀rọ.

Ọ̀gá ní, "Tún tẹ̀ ẹ́, kí àwòrán má lọ!"

Mo ní, "Kò lọ síbì kankan, sà. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń dì í mú."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ àwòrán náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé fóònù òun ní tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Òkúta jáde tán. Nígbà tí Mọrẹ́nikẹ́ jí, omi ló kọ́kọ́ béèrè.

Kò pẹ́ sígbà náà, Ọ̀gá pe àwọn dókítà àdúgbò jọ. Wọ́n dìde, wọ́n tún táì ṣe, wọ́n sì sọ fún wọn nípa "ọ̀nà tí mo gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ọmọ wa." Wọn kò dárúkọ mi. Mo pàtẹ́wọ́. Inú bí mi títí mo fi délé, n kò lè jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà Bíọ́dún, tí Ọ̀gá ti kọ́ níṣẹ́ ṣáájú mi, wá bá wa ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ kékeré kan. Bó ṣe dé ìdí tábìlì, ó na ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, kò sì gbé e kúrò.

Ọ̀gá pariwo. "Gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀! Ṣé igi lo rò pé ó sùn síbẹ̀ ni? Ta ló kọ́ ẹ ní irú èyí?"

Bíọ́dún wojú wọn, ó wojú mi.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Mo yáa dorí kodò sídìí iṣẹ́ mi, mo sì dúpẹ́ pé mo wọ ìbomú.