Ọmọ́níkẹ́ Tó Ń Gbálẹ̀ Wọ́ọ̀dù Wa

Bí ẹ bá bi mí pé ta ló gbọ́n jù ní ọsibítù tí mo ti fi ẹsẹ̀ kíkán sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Ifọ̀, mi ò ní dárúkọ dókítà kankan. Ọmọ́níkẹ́ ni, obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo jẹ́ mẹkáníìkì ní Mówè, tí ọmọṣẹ́ mi ń sá fún, mo bẹ̀rù rẹ̀.

Bàbá Adébánjí ló wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi. Alàgbà ìjọ ni wọ́n ní Arẹpo. Ìtọ̀ ṣúgà ló jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kan. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ará ìjọ bá dé, Bàbá fúnra wọn ló ń dá orin ọpẹ́ fún wọn. Dókítà á ní báwo lara, wọ́n á ní, “A dúpẹ́.” Nọ́ọ̀sì á béèrè, wọ́n á ní, “Ògo ni f'Ólúwa.” Gbogbo wa ń yìn wọ́n. Èmi tí mò ń fi igbe egungun lásán da wọ́ọ̀dù láàmú, ojú ń tì mí.

Ọmọ́níkẹ́ nìkan ni kò yìn wọ́n. Òun ló ń da garawa ìdọ̀tí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, nítorí náà ó mọ ohun tí kálukú jẹ àti ohun tí kò jẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Bàbá lọ wẹ ojú ọgbẹ́, ó sún mọ́ mi.

“Bùrọ̀dá Láwàlì, Bàbá yìí ò jẹun o. Ọjọ́ karùn-ún rèé. Wọ́n á di oúnjẹ sínú ọ̀rá, wọ́n á jù ú sínú garawa, kí ìyàwó wọn má baà rí i.”

“Bàbá tó ń kọrin yẹn?” Mo bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.”

Ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ gbálẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà dé ọ̀dọ̀ Bàbá. “A dúpẹ́” náà ni. Bí dókítà ṣe fẹ́ kọjá sọ́dọ̀ mi, Ọmọ́níkẹ́ gbé garawa abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá ka iwájú rẹ̀.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo inú ibí kí ẹ tó lọ.”

Nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ ọn. Wọ́n lè torí ìyẹn lé e níṣẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà wo inú garawa, ó rí oúnjẹ inú ọ̀rá, ó sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Bàbá, kí ló dé?”

Bàbá la ẹnu, orin ò jáde. “Ọmọ mi, ó ti sú mi. Mo fẹ́ kí Ọlọ́run kàn mú mi lọ.”

Dókítà ní òun á pe ẹni tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn. Ìyàwó Bàbá fariga: “Ọkọ mi ò ya wèrè!” Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣàìsàn lọkàn náà ń ṣàìsàn.” Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí màmá fi gbà.

Ìtọ́jú náà wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Àwọn ará ìjọ dé, wọ́n ní kí Bàbá dá orin. Bàbá mirí pé rárá.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará. Àárò ẹsẹ̀ mi ń sọ mí. Ẹ jẹ́ kí n sunkún lónìí.”

Bàbá sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó yá, alàgbà kan di ọwọ́ wọn mú, kò sì gbàdúrà. Bàbá fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì nu ojú, wọ́n fi ojú wá Ọmọ́níkẹ́ kiri títí wọ́n fi rí i lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọmọ́níkẹ́,” ni wọ́n wí, “ebi ń pa mí.”