Àwọn Méjì Ni Ìbọn Bà

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé garawa omi délé láìdà á sílẹ̀, baba kan tó ti ja ogun Bọ́mà ló ń gbé ní ojúlé kejì sí tiwa ní Ìtapàjí. Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá ti jáde, á ṣa èyí tó tóbi jù dì lẹ́rù, á ní kí n bá òun gbé ẹ̀fọ́, a ó sì lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan ní Ayébọ̀dé. Ìyá náà kì í kọ́kọ́ wo iṣu. Á ní, “Ọmọ mi ọ̀hún, kí ló wí kẹ́yìn?” Baba á ní, “Ó ní kí n kí yín.”

Lọ́jọ́ kan, bí a ti ń bọ̀, mo bi í léèrè ọmọ ìyá náà. Ó ní àwọn méjì ni ìbọn bà nínú igbó: ọ̀gá òyìnbó àwọn, àti ọ̀rẹ́ òun, ọmọ Ayébọ̀dé. Wọ́n pàṣẹ pé kí òun gbé ọ̀gá. Ó gbé e pọ̀n, ó sì gbé e la odò kọjá. Nígbà tó padà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo èyí ni mo sọ fún àwọn onísinimá wa tó pawọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ará òkè òkun láti fi ìtàn baba ṣe fíìmù. Wọ́n gbà á sórí fóònù. Nígbà tí wọ́n wá fi fíìmù hàn wá ní Ìkọ̀lé, mo rí odò, mo rí òyìnbó lẹ́yìn baba. N kò rí ọmọ Ayébọ̀dé. N kò rí ìyá rẹ̀.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó darí fíìmù náà. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn tí a jọ ṣe é ní tí òkú yẹn bá wà níbẹ̀, baba ò ní jọ akọni mọ́.”

“Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?”

Ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ká ní wọn kò mọ̀ ni, ǹ bá fojú fò ó. Wọ́n mọ̀. Wọ́n pàṣẹ fún baba kó tó gbé òyìnbó. Ta ló pàṣẹ fún un kó tó máa lọ kojú ìyá yẹn lọ́dọọdún?

Láyé tiwa, ẹnu la fi ń tọ́jú ìtàn. Bí ẹnì kan bá fò ó, ẹlòmíràn á fi kún un. Lóde òní, ohun tí fíìmù bá ti gé kúrò ti parun nìyẹn. Kí èrò tó túká, mo bá dìde láàárín wọn, mo pe orúkọ ọmọ Ayébọ̀dé náà tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọdé tó wà níwájú yíjú padà, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.