Eṣinṣin Tí A Sọ Ní Outi

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ eṣinṣin ò tó ohun tí tọkọtaya ń tìtorí ẹ̀ jà. Èmi àti Helvi ìyàwó mi jà á. A jà á débi pé odindi ìgbà òtútù kan la fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wa kọjá nínú ilé láìbára wa sọ̀rọ̀, ní apá òkè Fínláǹdì níbí, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kéèyàn rí ibòmíràn sá sí.

Tíṣà ni Helvi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n eṣinṣin ló fẹ́ràn. Èmi ló kàn bá ṣègbéyàwó. Àwọn eṣinṣin kéékèèké inú àbàtà ni, irú èyí tí ẹlòmíràn ń fọwọ́ gbá pa. Á fi àwọ̀n mú wọn, á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún wọn, á wá gbé ojú lé maikirosikóòpù, á máa wo ìdí wọn, torí ìdí akọ ni wọ́n fi ń mọ irú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Urho tó ni ṣọ́ọ̀bù á ní, "Taisto, ìyàwó ẹ tún ń wo ìdí eṣinṣin? Tìẹ ńkọ́, ó ti wò ó lọ́dún yìí?" Màá ní, "Ó ti wò ó, ó ní irú ẹ̀ ò sí nínú ìwé." Àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín.

Outi lọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí yìnyín orí adágún fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bó ṣe ń ti ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ bọ̀. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni Helvi rí akọ eṣinṣin kan ní àbàtà tó wà ní òdì kejì odò, ó dúdú kirikiri, irun hù lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kò sì sí nínú ìwé kankan. Àwọn onímọ̀ ní Helsinki yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ni Helvi bá sọ ọ́ ní Outi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Akọ yẹn wọ àpótí onígíláàsì ní Helsinki, pẹ̀lú káàdì pupa tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi sí. Èmi tí mi ò lè wo fọ́tò ọmọ náà, mo wọ rélùwéè lọ wo káàdì yẹn. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo kìlọ̀ fún Urho pé kó má fi ẹyọ kan yẹn ṣeré o, ó sì gbọ́.

Ó dìgbà kan nínú oṣù Keje, Helvi ti àbàtà dé pẹ̀lú méjì tó so pọ̀ nídìí, akọ lórí abo. Bí wọ́n bá bá wọn bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n fi ń gún méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn pé tọkọtaya ni wọ́n. Akọ náà, Outi wa ni. Abo náà rí bí eérú, kò jọ akọ rárá, ṣùgbọ́n Helvi mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ostrow ti rí abo bẹ́ẹ̀ nínú àbàtà tiwọn ní Kánádà, ó sì ti fún un lórúkọ mìíràn kí tiwa tó jáde. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé irú kan náà ni. Òfin wọn sì ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló ni eṣinṣin ọ̀hún.

Ìdáná la jókòó sí nígbà tó sọ fún mi.

"Ta ló ti rí wọn?" mo bi í.

"Èmi nìkan."

"Ó parí nìyẹn. Pa ẹnu ẹ mọ́."

"Mo ti ń kọ ọ́ ránṣẹ́, Bàbá Outi."

"Kọ kí ni ránṣẹ́? Ìyá Outi, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ìwọ tí o bí i lo fẹ́ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́?"

"Wọn ò ní pa á rẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ ti Ostrow."

"Abẹ́!" Mo fọwọ́ lu tábìlì, kọfí dà nù. "Ọmọ mi wọ abẹ́ yìnyín, wọ́n sin ín sábẹ́ ilẹ̀, o tún fẹ́ fi í sábẹ́ Ostrow! Ta ní ń jẹ́ Ostrow? Ta ló máa ṣí ìwé yẹn láyé yìí tó máa mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Èmi," ó ní. "Èmi ni mo máa ṣí i."

Mo já abẹ́rẹ́ tó fi gún àwọn méjèèjì gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo sọ ọ́ sínú iná, ẹ̀rí ẹ̀ jóná pátá. Mi ò tọrọ àforíjì, mi ò sì ní tọrọ ẹ̀. Helvi tí kì í bú èèyàn fa aṣọ tá a fi ń nu àwo yọ, ó fi nà mí lójú. "Òǹrorò! Ṣé o rò pé kò dùn mí ni? Ṣé ìwọ nìkan lo bí i ni?" Ó kó bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lọ sí yàrá Outi, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tí ẹ̀fọn tún gba ìlú, ó wá dúró níwájú mi pẹ̀lú àwọ̀n lọ́wọ́. "Gbé mi lọ sí àbàtà."

"Kí n gbé ọ lọ wá ohun tí mo dáná sun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí o ò bá gbé mi, màá gun kẹ̀kẹ́."

Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn? Mo gbé e. Ta ni ì bá gbé e? Bí mo ṣe ń wakọ̀ ni mo ń ṣépè fún ẹ̀fọn, fún Lada wa tó ń hu ikọ́, fún Kánádà látòkèdélẹ̀.

Ó wá a títí, kò rí i. Ó dùn mọ́ mi nínú. Àfi bó ṣe yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀. Mo rò pé ó máa dìde. Kò dìde, ńṣe ló ń fi orúnkún rá, ó ń ṣí ewé kọ̀ọ̀kan wò. Mi ò lè wò ó mọ́, mo bá wo ilẹ̀. Wọ́n wà lórí òdòdó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, dúdú lórí eérú, wọ́n so pọ̀. Kí n kàn gbé ẹsẹ̀ lé wọn ló kù. Mo tiẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá Outi nínú adágún, inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí, mo kẹ̀yìn sí omi. Helvi ló dúró létí ibẹ̀ títí wọ́n fi gbé e jáde. Wọ́n ní kó má wò ó. Ó ní ọmọ òun ni, òun máa wò ó.

Mo ṣí fìlà mi, mo fi dé wọn mọ́lẹ̀. "Helvi!" mo jágbe. "Wá mú wọn kí n tó yí ọkàn padà!"

Nígbà tí a délé, ó gún wọn sórí abẹ́rẹ́ kan, ó gé káàdì kékeré. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ibi tí a ti mú wọn síbẹ̀, àti orúkọ ẹni tó mú wọn. Ó mú kálámù, ó wojú mi.

"Mo lè kọ orúkọ tèmi," ó ní.

Ni inú bá tún bí mi. "O ò gbọdọ̀ kọ tìẹ! Tèmi ni kí o kọ. Èmi ni mo dúró níwájú pásítọ̀ tí mo sọ pé Outi ni kó máa jẹ́. Bí wọ́n bá máa gba orúkọ lára ọmọ mi, kó jẹ́ èmi tí mo fún un ni mo gbà á."

Ó kọ ọ́.